Síkíríìnì kọ́ lẹ máa kọ́kọ́ rà, Tíṣà

Tíṣà kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Iléṣà ló kọ̀wé sí mi. Mo gé lẹ́tà náà kúrú díẹ̀:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Àbúrò mi tó dé láti London mú Raspberry Pi 4 kan wá fún mi, kọ̀ǹpútà kékeré tí kò ní síkíríìnì, oní-4GB. Mo fẹ́ kí èmi àti àwọn ọmọ JET Club wa (ẹgbẹ́ sáyẹ́ǹsì ilé ìwé) fi ṣe tábúlẹ́ẹ̀tì tí èèyàn ń fọwọ́ tẹ̀ lójú. Mo ní tábúlẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kan tó ti kú, síkíríìnì rẹ̀ ò fọ́ rárá. Ṣé mo lè yọ ọ́ kí n so ó mọ́ Pi yìí? Irú bátìrì wo ni kí n lò tí kò fi ní kú pì nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ? Ṣé ó lè kọ Yorùbá pẹ̀lú àmì? Ọ̀gá wa ní ilé ìwé ní kí n kúkú lọ ra èyí tí wọ́n ti ṣe tán lọ́jà. Kí lẹ rí sí i?"

Ẹ kú ìtara, Tíṣà. Ẹ jẹ́ kí n ti ẹ̀yìn wá, kí n kọ́kọ́ dá ọ̀gá yín lóhùn, torí ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni yín, èmi ọmọ Ifẹ̀ ò sì fẹ́ kí òṣómàálò wá lóṣòó dè mí ní Lágéèrè nítorí owó tó bá ṣòfò. Ọ̀gá yín ò parọ́. Bó bá jẹ́ pé kí ọmọ ṣáà rí nǹkan fi kàwé, kó fi wo fídíò ni, tọjà dára jù. Ó fúyẹ́, bátìrì rẹ̀ ń pẹ́, ó sì ń sùn. Oorun tí mò ń wí yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Tí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ tábúlẹ́ẹ̀tì ọjà, kì í kú, ńṣe ló ń tòògbé, iná tó sì ń mu lójú oorun ò tó nǹkan, ó lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Raspberry Pi 4 kò mọ oorun. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀ ni títí tí ẹ ó fi pa á pátápátá. Bọ́tìnnì tí ẹ ó fi pa á pàápàá, kò sí lára rẹ̀. Pi 5 tó jáde lọ́dún 2023 ni wọ́n tó fún ní bọ́tìnnì. Tábúlẹ́ẹ̀tì tí ẹ fẹ́ ṣe yìí á nípọn bíi Bíbélì, á wúwo lọ́wọ́, bátìrì rẹ̀ ò sì ní tó ti èyí tí ọ̀gá ń sọ.

Síbẹ̀, ẹnu mi ò gbà á kí n sọ fún tíṣà físíìsì pé kó má ṣe é. Tábúlẹ́ẹ̀tì ọjà, gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ pa; ọjọ́ tí bátìrì rẹ̀ bá wú, ó di ohun à ń tì sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Èyí tí àwọn ọmọ bá fọwọ́ ara wọn tò, wọ́n á mọ ibi tí iná gbà wọlé, wọ́n á mọ ibi tí ooru ń gbà jáde, bí síkíríìnì bá sì fọ́, síkíríìnì nìkan ni wọ́n á pààrọ̀. Ìdí tí wọ́n fi ṣe Raspberry Pi gan-an nìyẹn. Nígbà tí Eben Upton àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Cambridge gbé àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ní oṣù Kejì ọdún 2012, ohun tó ń ká wọn lára ni pé àwọn ọ̀dọ́ tó ń wá kẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì mọ kọ̀ǹpútà lò, wọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń pàṣẹ fún un. Ẹ sọ fún ọ̀gá pé ẹ̀kọ́ lẹ fẹ́ fi owó rà, tábúlẹ́ẹ̀tì ni èènì.

Ó yá, síkíríìnì òkú tábúlẹ́ẹ̀tì yẹn. Ẹ gbàgbé ẹ̀. Mo mọ̀ pé ó ń dunni, torí ó mọ́ tónítóní níwájú yín níbẹ̀. Ojú lọ̀rọ̀ wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú tí a yọ lára òkú kì í bá alààyè sọ̀rọ̀.

Nǹkan méjì ló lẹ̀ mọ́ra níbẹ̀: gíláàsì òkè tó ń mọ ìka lára, àti èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tó ń gbé àwòrán jáde. Oníkálukú ló ní wáyà pẹlẹbẹ tirẹ̀, tó fẹ́lẹ́ bíi téèpù inú kásẹ́ẹ̀tì. Èyí tó ń gbé àwòrán jáde kì í ṣàdédé jí. Àwọn àṣẹ kan wà tí pánẹ́ẹ̀lì tábúlẹ́ẹ̀tì (pátákó iná inú rẹ̀) máa ń kà sí i létí ní àkàtẹ̀léra kó tó lajú, bí ẹni ń ki oríkì ìdílé. Tí ẹ bá ṣi ẹyọ kan kì, kò ní dáhùn. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é ló mọ oríkì yẹn, wọn kì í sì í sọ ọ́ síta. Ẹnu wáyà wọn náà ò bára mu: ibi tí Pi 4 fi ń bá síkíríìnì sọ̀rọ̀ ní eyín 15, ti tábúlẹ́ẹ̀tì lè ní 30 tàbí 40, tí eyín náà á sì kéré bí ìdin. Mo mọ ẹni tó fi odindi àsìkò òjò kan jìjàkadì pẹ̀lú ọ̀kan, onímọ̀ ni o. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, ó lọ ra tuntun.

Síkíríìnì láptọ́ọ̀pù ló yàtọ̀ díẹ̀. Èyí tí ẹ bá yọ lára láptọ́ọ̀pù, nọ́ńbà rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, pánẹ́ẹ̀lì kékeré tí ń túmọ̀ èdè HDMI (èyí tí wọ́n fi ń gbé àwòrán lọ sórí tẹlifíṣàn) fún un sì wà lọ́jà. Nọ́ńbà ẹ̀yìn yẹn lẹ máa fún ẹni tó ń tà á. Ṣùgbọ́n láptọ́ọ̀pù tó mọ ìka lára kò pọ̀, àwọn pánẹ́ẹ̀lì yẹn sì sábà máa ń bèèrè fóòtì (volt) 12. Ó dára fún orí tábìlì. Kò dára fún ohun tí bátìrì máa gbé rìn.

Èyí tí màá fọwọ́ sí fún yín ni síkíríìnì 7 ínǹṣì tí àwọn tó ṣe Pi fúnra wọn gbé jáde lọ́dún 2015. Àwòrán rẹ̀ jẹ́ tóótó (ojú kékeré tó ń para pọ̀ di àwòrán) 800 ní 480, ó ń mọ ìka 10 lẹ́ẹ̀kan náà, wáyà pẹlẹbẹ kan ló ń so ó mọ́ Pi, pẹ̀lú wáyà tín-ín-rín méjì fún iná. Wọ́n ti ṣe ẹlẹ́ẹ̀kejì rẹ̀ ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024, àwòrán tiẹ̀ dán jù, 720 ní 1280, òró ló sì dúró. Èyíkéyìí tí ẹ bá rí, Pi 4 yín gbà á. Tí owó bá ń fún yín lọ́rùn, síkíríìnì HDMI tó ní ìfọwọ́kàn náà ṣeé lò, àbùkù rẹ̀ ni pé wáyà méjì ni yóò yọ sí yín lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀kan fún àwòrán, ọ̀kan USB fún ìka. Kí ẹ tó sanwó, ẹ fi ọwọ́ kàn án fẹ́rẹ́ bí ẹni ń kan fóònù. Tó bá jẹ́ pé ìgbà tí ẹ bá fi èékánná tẹ̀ ẹ́ ló tó gbọ́, ẹ dá a padà.

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n ta èyí tó jẹ́ 3.5 ínǹṣì fún yín, èyí tó ń jókòó sórí eyín 40 tó wà lára Pi. Ẹ fi ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá fún àwọn ọmọ: 480 ní ọ̀nà 320 jẹ́ tóótó 153,600; tóótó kọ̀ọ̀kan ń gba bíìtì 16; odindi àwòrán kan á jẹ́ bíìtì 2,457,600. Ọ̀nà tí wọ́n fi ń rọ́ ọ wọlé, ká ní ó ń gba bíìtì mílíọ̀nù 32 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, àwòrán 13 ni. Fídíò lásán ń fẹ́ 24 sókè. Ẹ ó kàn máa wo ìka yín tó ti lọ, kí ojú ìwé tó wá tọ̀ ọ́ lẹ́yìn.

Ìyẹn tó fún síkíríìnì. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Gbogbo ẹni tó bá bi mí nípa tábúlẹ́ẹ̀tì yìí, síkíríìnì ló ń bi mí. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń gbé e padà wá sí ṣọ́ọ̀bù, kò sí èyí tó gbé e wá nítorí síkíríìnì, iná ni. Pi 4 fúnra rẹ̀, tó bá jókòó láìṣe nǹkan kan, ń mu bíi wáàtì 3. Tó bá ń ṣiṣẹ́ gidi, ó lè tó 6 tàbí 7. Síkíríìnì 7 ínǹṣì ń mu bíi 2 sí 3. Ẹ fi wáàtì 7 ṣírò fún ọmọ tó ń kàwé, tó ń tẹ ọ̀rọ̀. Ẹ wá mú power bank tí wọ́n kọ 10,000 mAh sí lára. Fóòtì 3.7 tí bátìrì inú rẹ̀ ní ni wọ́n fi ka nọ́ńbà yẹn, kì í ṣe fóòtì 5 tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀. 10 ní ọ̀nà 3.7 jẹ́ 37, wáàtì-wákàtí 37 ló wà níbẹ̀. Bó ṣe ń gbé iná láti 3.7 lọ sí 5, òun náà ń bù jẹ níbẹ̀, bí alágbàtà. Ẹ yọ bíi ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Ó ku 31. Ẹ pín in sí 7: wákàtí mẹ́rin àti díẹ̀. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ó ń lo irú rẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́, ẹ bi í bóyá ó tan síkíríìnì.

Àmọ́ pípẹ́ kọ́ ni ìṣòro tó burú jù. Èyí tí mo kọ́kọ́ ṣe, Pi 3 ni mo fi ṣe é, fún ọmọ yunifásítì kan tó fẹ́ lò ó fún iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀. Lórí tábìlì mi, ó ń lọ geere. Ó gbé e dé họ́sítẹ́ẹ̀lì, kò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, ó pè mí: "Bọ̀dá, nǹkan yín ní gìrì o." Mo ní irọ́ ni. Mo lọ jókòó tì í ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Wọ́n mú iná lọ: ojú rẹ̀ ṣú, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n mú iná dé: ojú rẹ̀ ṣú, ó tún bẹ̀rẹ̀. Power bank tí mo fi sí i ló ń ronú. Nígbàkigbà tí iná ṣájà bá wọlé tàbí tó bá jáde, ó máa ń dánu dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá kan kó tó mọ ìhà tí yóò kọ. Ọ̀pọ̀ power bank ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ ò sì lè fi fóònù mọ̀ ọ́n, torí fóònù ní bátìrì tirẹ̀ nínú. Ó gbójú fo ìṣẹ́jú-àáyá yẹn ni. Pi ò ní ẹ̀kán iná kan nínú. Kí ń tó rí ọgbọ́n ta sí i, mẹ́mọ́rì káàdì rẹ̀ ti bàjẹ́, orí méjì nínú ìwé àṣekágbá ọmọ náà sì bá a lọ. Títí di òní, tí mo bá rí ọmọ yẹn, ọ̀nà míì ni mò ń gbà.

Nítorí náà, kí ẹ tó ra síkíríìnì rárá, ẹ lọ wá power bank tí ẹ fẹ́ lò, kí ẹ dán an wò báyìí. Ẹ so Pi mọ́ ọn, kí ẹ fi wáyà HDMI gbé àwòrán rẹ̀ sórí tẹlifíṣàn ilé. Ẹ tan an, kí ẹ ṣí nǹkan kan tó ń yí lójú rẹ̀, bí aago. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ṣájà power bank bọ iná, kí ẹ yọ ọ́, kí ẹ tún fi bọ̀ ọ́, kí ẹ tún yọ ọ́, ìgbà mẹ́wàá. Ẹ ṣe é nígbà tí bátìrì kún, kí ẹ tún ṣe é nígbà tó kù díẹ̀ kó tán. Èyí tó bá yege nínú ìdánwò yìí ni tábúlẹ́ẹ̀tì yín. Èyí tó bá ṣíjú pẹ́ẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré, fún ìyàwó yín ní in fún fóònù.

Ẹ ka ìkọ̀wé tín-ín-rín tó wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú. Wọ́n á kọ 22.5W gàdàgbà síwájú. Ìyẹn sábà máa ń jẹ́ fún fóònù tó mọ bí wọ́n ṣe ń bèèrè fún un, Pi ò mọ̀ ọ́n bèèrè. Pi 4, fóòtì 5 nìkan ló ń gbà. Ohun tí ẹ ń wá ni ibi tí wọ́n ti kọ 5V, 3A (fóòtì 5, áńpù 3). Tó bá jẹ́ 5V, 2A, á gbé Pi, àmọ́ bí iṣẹ́ bá dé tí síkíríìnì sì wà níbẹ̀, á máa mí gúlegúle.

Wáyà náà lè tàn yín jẹ. Mo fi èyí sílẹ̀ fún yín bí ẹni fi ẹran sílẹ̀ fún ọmọ, torí òfin Ohm ni gbogbo rẹ̀. Wáyà USB olówó pọ́ọ́kú, okùn inú rẹ̀ lè jẹ́ nọ́ńbà 28, tí mítà kan rẹ̀ ní ìtakò bíi 0.21 ohm. Iná ń lọ, ó ń bọ̀, mítà kan di méjì: 0.42. Tí Pi àti síkíríìnì bá ń fa áńpù 1.5, fóòtì 0.63 ti ṣòfò sójú ọ̀nà. 5.1 tó kúrò nílé á di 4.47 kó tó débẹ̀. Pi 4 sì ń bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn tó bá ti wálẹ̀ ju 4.63 lọ: ẹ ó rí àmì mànàmáná ní igun ojú síkíríìnì. Lo okùn nọ́ńbà 20, tó nípọn ju ti 28 lọ, kí ẹ má jẹ́ kó gùn ju ìka ọwọ́ méjì lọ nínú àpótí, ọ̀rọ̀ parí. Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti ráhùn nígbà tí ẹ ò wò ó, ẹ ṣí Terminal, ibi tí wọ́n ti ń tẹ àṣẹ fún Pi, kí ẹ tẹ vcgencmd get_throttled. Tó bá dá yín lóhùn 0x0, ara rẹ̀ le. Tó bá jẹ́ 0x50000, ebi iná ti pa á rí láti ìgbà tí ẹ ti tan án, ìyẹn sì ti jẹ́ kó dín eré rẹ̀ kù. 0x50005, ebi ń pa á lọ́wọ́lọ́wọ́.

Àwọn ọmọ yín á ti wo fídíò, wọ́n á sì fẹ́ fi sẹ́ẹ̀lì 18650 to bátìrì tiwọn, èyí tí wọ́n ń yọ nínú bátìrì láptọ́ọ̀pù, tó rí bí òkúta tọ́ọ̀ṣì, 18 mìlímítà ní ìbú, 65 ní gígùn. Mi ò ní kọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ dúró tì wọ́n. Èyí tí wọ́n bá kọ 9900 mAh sí lára, ayédèrú ni. Ojúlówó wọn tó pọ̀ jù lọ́jà ò kọjá nǹkan bí 3,500. Ẹ gbé e lé òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn wúrà: ojúlówó máa ń tẹ̀ tó gíráàmù 45 sókè. Mo ti ra mẹ́rin rí lọ́wọ́ ẹnì kan tó fi Ọlọ́run búra, nígbà tí mo la ọ̀kan, ìyẹ̀fun funfun ló kún inú rẹ̀, sẹ́ẹ̀lì kékeré kan sì sùn sáàárín bí ọmọ inú igbá.

Tí ẹ bá fẹ́ so méjì pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹ fi mítà wọn wọ́n kọ́kọ́. Fóòtì wọn gbọ́dọ̀ dọ́gba. Ká ní ọ̀kan wà ní 4.1, èkejì wà ní 3.3. Ìyàtọ̀ jẹ́ 0.8, ìtakò inú àwọn méjèèjì pọ̀ lè má ju 0.1 ohm lọ: áńpù 8 ni yóò ya láti inú ọ̀kan wọ inú èkejì, láìsí ẹni tó pè é. Ẹ má fi lẹ́ẹ̀dì gbígbóná kan orí sẹ́ẹ̀lì. Ilé rọ́bà tí wọ́n ń kì í bọ̀ wà, ó ṣówó díẹ̀. Èyí tó bá ti wú, tó ti ní ojú egbò, tàbí tí fóòtì rẹ̀ ti wálẹ̀ ju 2.5 lọ, ẹ má ṣàánú rẹ̀, ẹ má lò ó mọ́. Èyí tó dára, orí sìmẹ́ǹtì gbalasa ni kẹ́ ẹ ti máa fi ṣájà sí i, kì í ṣe lórí bẹ́ẹ̀dì, kì í ṣe ní òru.

Pánẹ́ẹ̀lì pupa tàbí búlúù kékeré méjì tí gbogbo fídíò fi ń hàn, TP4056 tó ń fi iná sí bátìrì àti MT3608 tó ń gbé e lọ sí fóòtì 5, ẹ má lo àwọn yẹn fún Pi 4. Àkọ́kọ́ ò lè fún bátìrì ní ju áńpù 1 lọ, ẹ sì ń fa ju ìyẹn lọ lódìkejì. Ẹ ó fi iná sí i títí, kò ní kún. Èkejì, áńpù 2 ni wọ́n kọ sí i, ṣùgbọ́n ohun tó ń dé ẹnu ọ̀nà kéré sí ìyẹn dáadáa. Ẹ wá pánẹ́ẹ̀lì UPS tí wọ́n ṣe fún Pi, tó ń gba 18650, tó ń fi iná ṣájà bọ́ Pi, tó tún ń bọ́ bátìrì lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn kan nínú wọn tún ń sọ fún Pi bí bátìrì ṣe kù sí, èyí tí power bank kì í ṣe. Ẹ dán òun náà wò ìgbà mẹ́wàá. Mi ò gba ẹnikẹ́ni gbọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ti mẹ́mọ́rì káàdì: tí ohun gbogbo bá ti tò, ẹ tẹ sudo raspi-config ní Terminal, ẹ wá Overlay File System lábẹ́ Performance Options, kí ẹ tan án. Láti ìgbà náà, Pi ò ní kọ nǹkan sórí káàdì mọ́. Bí iná bá já lójijì, káàdì ò ní bàjẹ́. Àmọ́ ohun tí ọmọ bá kọ á parẹ́ nígbà tí ẹ bá pa á, àfi tó bá fi pamọ́ sórí flash. Bọ́tìnnì ìpa-ìtan, àwọn ọmọ lè ṣe é fúnra wọn: ẹ fi dtoverlay=gpio-shutdown sínú fáìlì config.txt tó wà lórí káàdì, kí ẹ so bọ́tìnnì kékeré kan sí eyín 5 àti eyín 6. Ẹ tẹ̀ ẹ́, á pa ara rẹ̀ dáadáa; ẹ tún un tẹ̀, á jí. Síkíríìnì 2015 á fẹ́ eyín 6 yẹn fún iná tirẹ̀, ẹ kó wáyà bọ́tìnnì tó wà níbẹ̀ lọ sí eyín 14, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe.

Àpótí rẹ̀ ńkọ́? Káfíńtà, kíá. Ẹ má ṣe fi irin àlùmíníọ́ọ̀mù wé e bí àwọn kan ṣe ń ṣe nítorí pé ó ń dán: ibi tí Pi fi ń gba WiFi wà lórí pánẹ́ẹ̀lì rẹ̀, irin á sì dí i létí. Igi kì í dí i. Ẹ ní kí káfíńtà wá igi ọmọ̀, èyí tí wọ́n fi ń gbẹ́ ìlù; ó fúyẹ́, kì í sì í là kíákíá. Ṣùgbọ́n igi ń wú lásìkò òjò, ó ń sún kì lásìkò ọyẹ́, gíláàsì kì í sì í bá a ṣe bẹ́ẹ̀. Kó fi àyè mìlímítà kan sílẹ̀ yípo síkíríìnì, kó sì fi fóòmù tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ ẹ. Ihò nísàlẹ̀, ihò lókè, kí ooru lè máa gòkè jáde, torí Pi 4 ń dín eré rẹ̀ kù tó bá ti kan 80 lórí òṣùwọ̀n Celsius, inú igi tó dé pa á sì máa ń tètè débẹ̀. Ẹ lẹ irin tó ní eyín bíi òòyà mọ́ ọn lórí. Kí bátìrì jìnnà sí i.

Ìbéèrè Yorùbá yẹn dùn mọ́ mi nínú. Bẹ́ẹ̀ ni, ó ń kọ ọ́, ó tilẹ̀ ń kọ ọ́ dáadáa ju ọ̀pọ̀ fóònù lọ. Tí ẹ bá so kíbọ́ọ̀dù gidi mọ́ ọn, ẹ wá Nigeria nínú àtòjọ kíbọ́ọ̀dù, Yorùbá wà lábẹ́ rẹ̀. Kíbọ́ọ̀dù ojú síkíríìnì ni ẹ ó ṣiṣẹ́ lé lórí. Raspberry Pi OS ti ń mú ọ̀kan tó ń jẹ́ squeekboard wá látòpin ọdún 2024, fáìlì ọ̀rọ̀ lásán ni wọ́n sì fi ń to bọ́tìnnì rẹ̀, nínú .local/share/squeekboard/keyboards. Ọmọ SS1 lè kọ ọ́. Ohun kan ni kẹ́ ẹ sọ fún wọn: ẹ má wá ẹyọ bọ́tìnnì kan fún ẹ́. Kọ̀ǹpútà ò ní ẹyọ kan fún un. Á àti à ní tiwọn, ẹ àti ọ àti ṣ náà ní tiwọn, ṣùgbọ́n ẹ́ jẹ́ méjì tó gun ara wọn: ẹ (U+1EB9), lẹ́yìn náà àmì òkè (U+0301). Ẹ fi ẹ, ọ, ṣ sí ìlà kan, kí ẹ fi àmì òkè àti àmì ìsàlẹ̀ sí bọ́tìnnì méjì ọ̀tọ̀. Ọmọ á tẹ fáwẹ̀lì, á wá tẹ ohùn rẹ̀. Ó bá bí a ṣe ń kọ́ wọn ní dò-rè-mí mu. Tí ẹ bá sì rí i tí ọmọ tẹ ìparẹ́ tí ẹ́ wá di ẹ, tí kò lọ pátápátá, nǹkan ò bàjẹ́.

Àwọn ọmọ tún lè fi Kiwix, ètò tí wọ́n fi ń ka Wikipedia láìsí íńtánẹ́ẹ̀tì, kó Wikipedia Yorùbá sórí flash, kí wọ́n máa kà á láìsí dátà.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ìdánwò ìgbà mẹ́wàá. Tó bá ṣíjú, ẹ ya àwòrán ẹ̀yìn power bank náà ránṣẹ́ sí mi, kí n rí ìkọ̀wé tín-ín-rín rẹ̀ kí ẹ tó fún káfíńtà lówó.